Fèrèsé Tó Há Kò Tíì Di Èyí Tí À Ń Yọ Dànù

Lẹ́tà: Èmi ni mò ń bójú tó ilé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Abidjan, níbí ní Èjìgbò. Wọ́n ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n fèrèsé alumíníọ́mù mẹ́ta ti há, wọn ò ṣeé fà mọ́. Oníṣẹ́ tí mo pè ní àfi ká pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, tòun ti férémù. Kí ni kí n ṣe?

Èsì: Ẹ má tíì sanwó. Fèrèsé tí à ń fà lọ fà bọ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Férémù wà níbẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ ògiri. Apá onígíláàsì tí ọwọ́ ń fà wà níbẹ̀. Rọ́bà àti lọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní róòlà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Róòlà yìí ló ń ru gbogbo ẹrù gíláàsì náà, òun náà ló sì rọrùn jù láti pààrọ̀. Alumíníọ́mù kì í dógùn-ún bí irin. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tín-ín-rín tí kẹ̀kẹ́ róòlà ń yí lé lórí sábà máa ń jẹ́ irin, ìyẹn sì máa ń dógùn-ún. Bí ẹ bá rí nǹkan pupa bí ìpẹtà lójú ibi tí fèrèsé ń gbà kọjá, róòlà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ fi férémù sílẹ̀ ná.

Ohun tí ẹ sọ gan-an ló ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Mẹ́ta ló há. Ó ṣòro kí férémù mẹ́ta wọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n eruku kì í yan fèrèsé tí yóò bà lé. Ilé àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Kódífuà pọ̀ nílùú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń wà ní títì láti ọdún dé ọdún. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà yóò wọ ojú ọ̀nà fèrèsé. Òjò àkọ́rọ̀ yóò sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yóò dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde. Nígbà tí oòrùn bá ràn, ó ti le gbagidi. Tí a bá wá fi ìkán símẹ́ǹtì tí bíríkìlà ò nù kúrò àti ọ̀dà tí ọlọ́dà kán sílẹ̀ kún un, kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò yí fún oṣù mẹ́wàá, báwo ni kò ṣe ní há?

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lọ́ọ̀kì ló dì í mú. Ó ń ṣẹlẹ̀ ju bí àwọn èèyàn ti rò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ojú ọ̀nà náà, kí ẹ fi igi ṣóńṣó ha ẹrẹ̀ tó le, nítorí irin yóò họ alumíníọ́mù. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì la àwọn ihò omi yẹn. Bó bá ṣì ń há, kí ẹni méjì gbé apá onígíláàsì sókè wọnú àlàfo tó wà lókè férémù, kí wọ́n sì fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ilé. Bí ó bá ní ìdènà tí súkúrù dè mọ́ òkè, ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Tó bá jẹ́ pé ilé òkè ni, tàbí bọ́gíláárì wà lójú rẹ̀ nínú ilé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe é. Gíláàsì kì í ṣeré. Ẹ yọ róòlà tó ti gbó lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èlò alumíníọ́mù, nítorí róòlà ò dọ́gba. Ẹ má fi gírísì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kùn ún o, eruku ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni ẹ ń pè wá sílé. Àbẹ́là tí ẹ bá fi ra ojú ọ̀nà tó.

Oníṣẹ́ yín lè ní àtúnṣe kì í pẹ́. Kò parọ́, bí ẹ bá tún un ṣe tán tí ẹ tún tì í pa fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n eruku yẹn kan náà ló máa bá fèrèsé tuntun. Ó lè ní irú róòlà yẹn ò sí lọ́jà mọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wá èyí tí ìbú rẹ̀ bá a mu. Ohun tí kò sì sọ fún yín ni pé yíyọ férémù yóò fọ́ ògiri létí, ẹ ó sì tún wá bíríkìlà àti ọlọ́dà lọ́tọ̀. Ibi tí òótọ́ rẹ̀ wà nìyí: bí ojú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà bá ti ya, tàbí igun férémù bá ti já, pípààrọ̀ tọ́. Ẹ wọn gíga férémù láti inú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní àárín. Bí àárín bá kéré sí ẹ̀gbẹ́, ògiri ló ń tẹ̀ ẹ́ látòkè. Nígbà náà, ẹni tó mọ ilé kíkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, torí férémù tuntun náà yóò jìyà kan náà. Ní ti àwọn ilé díẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì onípele méjì sí, bí ìkùukùu bá wà láàárín gíláàsì méjèèjì, gíláàsì nìkan ni à ń pààrọ̀. Férémù dúró sáyè rẹ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ náà, kí ẹ ní kó fọwọ́ kan ohun tó bàjẹ́ gan-an, kó sì dá iye owó róòlà àti owó iṣẹ́ sọ́tọ̀. Kó kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan. Bí ìyẹn bá ń yọ̀ geere, ẹ sanwó rẹ̀, kó wá bọ́ sórí méjì tó kù.