Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Fífi Àjákù Ankara Ṣe Aṣọ Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, bí ayẹyẹ àjọ̀dún yìí bá ti parí, àjákù ankara tí a jọ rà yóò kún abẹ́ tábìlì àwọn aránṣọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbá a dànù. A lè gé e ní àwòrán ewé, ẹyẹ tàbí lẹ́tà, kí a sì fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò ìrọ̀rí, aṣọ tábìlì tàbí aṣọ ìtẹ́bùsùn.

Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti fi ìkánjú ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ rí. Mo gé ewé mẹ́fà lára ìró ìyá mi olóògbé, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ aṣọ tábìlì tuntun. Nígbà àkọ́kọ́ tí a fọ̀ ọ́, mẹ́rin ṣí kúrò, etí wọn sì tú. Irú ìró náà kò sí lọ́jà mọ́. Ohun mẹ́ta ni n kò ṣe: n kò kọ́kọ́ fọ aṣọ náà, n kò dán iṣẹ́ náà wò lára àkísà, n kò sì fi abẹ́rẹ́ kún gọ́ọ̀mù.

Kí a kọ́kọ́ mọ gọ́ọ̀mù tí a ń fẹ́. Gumstay tí àwọn aránṣọ fi ń mú kọ́là le, ojú kan ṣoṣo ni gọ́ọ̀mù rẹ̀ sábà máa ń wà. Irú rẹ̀ kò lè so aṣọ méjì pọ̀. Ẹ béèrè èyí tí ó jẹ́ olójú méjì, tí ó ní bébà lẹ́yìn.

Ìkíní: Ẹ fọ aṣọ méjèèjì láìfi sítáàṣì sí i, ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ohun tí a fi ń mú aṣọ tuntun le kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú dáadáa. Aṣọ òwú a sì máa súnkì bí omi bá kàn án.

Ìkejì: Ẹ ya àwòrán sójú bébà náà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà, ẹ yà á ní òdì, bí ó ti ń hàn nínú dígí, nítorí yóò yí padà nígbà tí a bá lẹ̀ ẹ́.

Ìkẹta: Ẹ gé bébà náà, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ yí àwòrán ká. Ẹ gbé ojú gọ́ọ̀mù lé ẹ̀yìn ankara, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti tutù, ẹ gé e lórí ìlà gan-an, kí ẹ tó ṣí bébà kúrò.

Ìkẹrin: Ẹ tò ó sórí aṣọ ilé, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹ má ṣe wọ́ áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn, kí àwòrán má bàa yẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún tẹ ibòmíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìlànà tí ó bá gọ́ọ̀mù wá ni kí ẹ tẹ̀ lé ní ti ìgbóná àti àkókò. Aṣọ òwú gba ooru. Nylon a máa yọ́.

Ìkarùn-ún: Bí ó bá ti tutù pátápátá, ẹ fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ yí ká, bí a ti ń rán etí ihò bọ́tìnnì. Gọ́ọ̀mù a máa di àwòrán mú sí ààyè rẹ̀. Òwú ni kì í jẹ́ kí ó ṣí bí a ti ń fọ̀ ọ́ léraléra.

Ewé méjì tí ó kù lára aṣọ tábìlì mi, mo rán wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, kí ẹ tó gé aṣọ tí kò ní ìkejì, ẹ fi àjákù lásán dánra wò, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ yín jókòó tì yín. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.