Lílẹ̀ Yàtọ̀ sí Kíkì Bọ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Títo Ọkọ̀ Ojú Irin Oníke Àtijọ́ àti Fífi Ẹ̀rọ Sí I

Nígbà ìsinmi tó kọjá, bọ̀dá mi kan tó ń tún rédíò ṣe gba páálí kékeré kan lọ́wọ́ oníbàárà wọn tó ti Ìlú Ọba dé. Kitmaster ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Wẹ́wẹ́ ike ló kún inú páálí náà, pẹ̀lú ìwé ìlànà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá tò wọ́n pọ̀ dáadáa yóò rí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ṣeé gbé sórí àtẹ́lẹwọ́. Bọ̀dá mi fẹ́ tò ó, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀rọ oníná sí i kó lè máa dá rìn. Wọ́n ní kí n máa ka ìwé ìlànà náà fún àwọn ní Yorùbá.

Nígbà tí a dé ibi ẹsẹ̀ ọkọ̀, mo rí ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà "fit", mo sì sọ pé, "Ẹ lẹ ọ̀pá ẹsẹ̀ mọ́ egungun ìsàlẹ̀." Wọ́n lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò yí mọ́. Bọ̀dá mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n lẹ̀ ẹ́ ni?"

Èmi ni. Ohun tó yẹ kí n sọ ni, "Ẹ ki ọ̀pá ẹsẹ̀ bọ ihò." Ohun tó ti wà nínú páálí fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń to irú ọkọ̀ yìí, bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ sí i, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ ìṣe tí a bá yàn fi lè pinnu bóyá ọkọ̀ náà yóò rìn tàbí kò ní rìn.

1. Ibi tí wọ́n ti wá

Ilé iṣẹ́ Rosebud Dolls, tó ń ṣe ọmọlangidi ní ìlú Raunds ní Northamptonshire, ló bẹ̀rẹ̀ Kitmaster ní ọdún 1959. Wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ti ike yíyọ́ sínú àwòṣe. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọmọlangidi ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ojú irin. Ní 1962, Airfix ra àwọn àwòṣe náà, ó sì ń tún díẹ̀ nínú wọn ṣe jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Dapol.

Èyí tó wà nínú páálí bọ̀dá mi ni orí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Pug. Ilé iṣẹ́ rélùwéè Lancashire and Yorkshire ló ń lo ojúlówó rẹ̀ láti ọdún 1891, pàápàá ní èbúté, níbi tí ojú irin ti máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́ gan-an. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló ní, àgbá omi rẹ̀ sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ bíi gàárì ẹṣin. Méjì nínú ojúlówó Pug ṣì wà títí di òní.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe ti oníke ni OO: mílímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ojúlówó fi nǹkan bí ìlọ́po 76 tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 16.5, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 18.83. Ẹ̀rọ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú irin Bìrìtìkó kéré ní ara, ẹ̀rọ iná ayé ọdún 1920 sì tóbi. Wọ́n wá fi ara ọkọ̀ tó tóbi díẹ̀ sórí irin tó ti wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ríbi wọ̀.

2. Ọ̀rọ̀ ìṣe márùn-ún

Gẹ̀ẹ́sì lè fi "fit" tàbí "fix" bo oríṣiríṣi iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Yorùbá kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé ìlànà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe gan-an.

*Lẹ̀ mọ́.* Èyí wà fún ohun tí a kò fẹ́ kó kúrò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: gọ́ọ̀mù irú ike yìí kì í ṣe bí àtè. Ó máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì, wọn a wọnú ara wọn, tó bá sì gbẹ tán, wọn a di ẹyọ kan. Iṣẹ́ jórinjórin ló jọ jù. Nítorí náà ni kò fi sí àtúnṣe fún àṣìṣe tèmi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fi ìwọ̀nba sí i, kó má baà ṣàn kan ohun tó yẹ kó máa yí.

*Kì bọ̀.* Èyí wà fún ọ̀pá tó wọ ihò, tó sì gbọ́dọ̀ máa yí nínú ihò náà. Gọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

*Há.* Ẹsẹ̀ irin máa ń há sára ọ̀pá rẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù, síbẹ̀ wọn a jọ máa yí ni.

*Dè.* Bóòtù ni a fi ń de nǹkan. Ohun tí a dè ṣeé tú.

*Jó mọ́.* Èyí ni ti wáyà, tí a fi òjé yíyọ́ àti irin gbígbóná so mọ́ ara ẹ̀rọ.

3. Ohun mẹ́ta tí ike kò ní

Mo ń pè é ní "ẹ̀rọ oníná" nítorí pé "mọ́tò" ti di orúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní èdè wa. Ẹ̀rọ náà kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni pé wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún wíwò: ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yí bí a bá fọwọ́ tì í, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni kò ní.

Èkíní ni ẹsẹ̀ tó yí déédéé. Ọ̀nà tó dára jù fún Pug ni pé kí a fi egungun ìsàlẹ̀ onírin àti ẹsẹ̀ onírin rọ́pò ti ike, kí a sì gbé ara ike náà kà á. Ọ̀pá ìsopọ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn. Bí ibi tí ọ̀pá náà ti so mọ́ ẹsẹ̀ bá wà lókè ní apá ọ̀tún, ti apá òsì gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn, kó fi ìdá mẹ́rin òbìrí yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ rí lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ọkọ̀ yóò máa tiro, yóò sì há.

Èkejì ni ọ̀nà tí iná yóò gbà. Ike kì í gbé iná. Láti orí irin méjèèjì ni iná ti ń wá, fóòtì 12, irú iná bátìrì. Àwọn wáyà idẹ tín-ín-rín ni a fi ń kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ irin kí iná lè dé ara ẹ̀rọ. Apá ọ̀tún àti apá òsì kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, torí ìdí èyí ni ike fi máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ irin náà àti ọ̀pá rẹ̀. Tí a bá pààrọ̀ apá tí iná gbà wọlé, ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn rìn.

Ẹ̀kẹta ni ìwúwo. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa yọ̀ lójú kan ni. Inú àgbá omi Pug dára fún òjé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò mú òjé wẹ́wẹ́ dúró: láàárín ọdún díẹ̀ ó lè wú, kó sì fọ́ ara ike.

Ẹ̀rọ oníná máa ń sáré ju bí ẹsẹ̀ ti yẹ kó yí lọ. Nítorí náà, a máa ń fi ọ̀pá tí ojú rẹ̀ rí bíi ti bóòtù sẹ́nu ẹ̀rọ, kó máa yí àgbá eléyín tó wà lára ọ̀pá ẹsẹ̀. Bí eyín rẹ̀ bá jẹ́ 40, tí ìlà tó yí ọ̀pá náà ká sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ yóò yí ní ìgbà 40 kí ẹsẹ̀ tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan.

4. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń tò tẹ̀ léra wọn

A ti kọ́ ọ nínú gírámà pé nínú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló máa ń ṣíwájú: "Ó mú ọ̀bẹ gé iṣu." Kò sẹ́ni tó ń gé iṣu kó tó mú ọ̀bẹ. Èyí wúlò púpọ̀ fún ìwé ìlànà. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Jó wáyà mọ́ ẹ̀rọ, gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀." Bí a bá yí i padà, irin gbígbóná yóò yọ́ ara ike.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí mo wá kọ fún bọ̀dá mi nìyí:

1. Ẹ ki ọ̀pá ẹsẹ̀ bọ ihò egungun onírin, kí ẹ sì há ẹsẹ̀ sí i.
2. Ẹ so ọ̀pá ìsopọ̀. Ẹ gbé e sórí pákó tó dagun díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dá yí sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá dúró, ẹ wá ibi tó ti ń há.
3. Ẹ jó wáyà mọ́ ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kí ẹ de ẹ̀rọ mọ́ egungun kí eyín wọn lè pàdé. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má fọwọ́ ti ọkọ̀ mọ́: ẹ̀rọ lè yí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò lè yí ẹ̀rọ.
4. Ẹ dán an wò lórí irin láìtíì gbé ara ọkọ̀ kà á.
5. Ẹ fi òjé sínú àgbá omi, kí ẹ gbé ara ọkọ̀ ka egungun, kí ẹ sì dè é. Ẹ má lẹ̀ ẹ́.

5. Ìdí tí a fi dè é

Ó yẹ ká bi ara wa bóyá ó tọ́ láti gé ohun àtijọ́ ká tó fi ẹ̀rọ sí i. Àwọn kan gbà pé kó wà nínú páálí ló dára jù. Àwọn tó ṣe é gan-an mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò fẹ́ kó rìn, torí Kitmaster fúnra rẹ̀ ta ọkọ̀ ẹrù kékeré tó ní ẹ̀rọ nínú, èyí tí yóò máa ti orí ọkọ̀ oníke lọ láìgé ohunkóhun lára rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kó rìn, ṣùgbọ́n kó ṣeé dá padà. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ bá yọ sínú páálí. Ohun tí a dè, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè tú u. Ohun tí a lẹ̀, a ti pinnu fún un.

Ọkọ̀ bọ̀dá mi ń rìn báyìí lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù wọn. Egungun ìsàlẹ̀ tí mo bà jẹ́ wà nínú páálí, ọ̀pá ẹsẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí bí a ṣe lè dá a padà sí bó ṣe wà. Wọn kì í bá mi wí lórí rẹ̀ mọ́, àmọ́ tí mo bá ti ń ka ìlànà kan fún wọn báyìí, wọ́n á ní, "Dúró ná. Ṣé ká lẹ̀ ẹ́ ni àbí ká kì í bọ̀ ọ́?"

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ìwé ìlànà ohun èlò kan nínú ilé yín, bíi fáànù tàbí àga tí a ń tò. Ẹ túmọ̀ ìlà mẹ́wàá nínú rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ fún ẹni tí kò rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà, kó fi ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ ẹnu yín. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ẹ tún ọ̀rọ̀ ìṣe ibẹ̀ yẹ̀ wò.