Ìwé Ìtọ́sọ́nà Tí Kò Bá Kóòdù Mu Mọ́

Lẹ́tà mélòó ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọkọ̀? Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mákùn-Omi lọ́dọ̀ wa, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, á dáhùn pé mẹ́ta ni: ọ, k, ọ̀. Ẹ fi len() bi Python, á ní mẹ́rin ni. Ẹ tún bi í lórí fáìlì mìíràn tí ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú rẹ̀, ó lè ní mẹ́fà ni. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn o.

Unicode ni ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Kí ọ̀ tó lè jáde, àmì ohùn ìsàlẹ̀, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ U+0300, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ. Bí a bá kọ ọkọ̀ báyìí, nọ́ńbà mẹ́rin ni. NFC ni wọ́n ń pe ìlànà yẹn. Ìlànà kejì, NFD, máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: o lọ́tọ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ìyẹn ló di mẹ́fà. Lójú ẹni tó ń wo fóònù, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra rárá.

Mo ń ṣe másítà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì wà lára àwọn mẹ́ta tó ń tọ́jú irinṣẹ́ kékeré kan tó ń tún ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe kí ètò kọ̀ǹpútà lè lò ó. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba: ẹnikẹ́ni lè kà á, lò ó, kó sì tún un ṣe. Kí n tó dara pọ̀ mọ́ wọn, ìwé ìtọ́sọ́nà irinṣẹ́ náà ti sọ pé NFD ló máa ń dá padà. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n yí kóòdù padà sí NFC, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ gba ìwé yẹn gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń wá ìdí tí ọ̀rọ̀ tó ní àmì kò fi bá àtòjọ rẹ̀ mu, tí àwọn tí kò ní àmì sì ń bá a mu dáadáa. Nígbà tó fi máa kọ̀wé sí wa, ó ti fẹ́ yọ gbogbo àmì kúrò kó lè sinmi. Ẹ wò ó ná: bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè àti oko tí a ti ń kọ ọ́, gbogbo wọn á di “oko” kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọdún kan á bàjẹ́ nítorí gbólóhùn kan tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Irú èyí kì í ṣe tiwa nìkan. Lọ́dún 2017, GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ báyìí ń gbé, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tó ń lo sọ́fúwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba àti àwọn tó ń kọ ọ́. Ìdá 93 nínú 100 sọ pé àwọn ti bá ìṣòro ìwé tí kò pé tàbí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ pàdé. Síbẹ̀, ìdá 60 nínú 100 àwọn tó ń dá sí iṣẹ́ náà ní àwọn kì í kọ ìwé, tàbí pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Kò yà mí lẹ́nu. Bí èèyàn bá kọ kóòdù tuntun, wọ́n á yìn ín. Ta ló ń yin ẹni tó tún ìlà kejìlá ìwé ṣe?

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ìwé tó dára gan-an náà máa ń di èké láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, GitHub yí orúkọ tó máa ń fún ẹ̀ka àkọ́kọ́ iṣẹ́ tuntun láti master sí main. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọn ò gba ọ̀rọ̀ aṣínà lásán mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi Git ti kóòdù ránṣẹ́. Àìmọye ìwé tó ní “ẹ tẹ git push origin master, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín” ló di ìtọ́sọ́nà sínú igbó lójijì. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, á sì tún un ṣe. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á rò pé orí òun ni kò pé.

Kí la wá lè ṣe sí i? Ẹ gbé ìwé sínú àpò kan náà pẹ̀lú kóòdù. Bí Linux ṣe ń ṣe é nìyẹn, fódà Documentation wà láàárín kóòdù fúnra rẹ̀. Tí ẹnìkan bá wá mú àyípadà wá, ẹ ó rí kóòdù àti ìwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwé kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà pẹ̀lú sùúrù. Ní tiwa báyìí, a kì í gba àyípadà tó bá kan ohun tí irinṣẹ́ ń dá padà wọlé láìsí ìlà kan nínú ìwé. Àwọn kan ní ó ti le jù. Kò le jù ọ̀sẹ̀ méjì akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ojú èèyàn máa ń fo nǹkan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ìwé náà fún yín. Láti ọdún 2001 ni Python ti ní doctest. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wá àpẹẹrẹ inú ìwé, kó ṣe wọ́n lóòótọ́, kó sì wò ó bóyá ìdáhùn bá ohun tí ẹ kọ mu. Ká ní ìwé wa àtijọ́ ní àpẹẹrẹ yìí ni:

>>> from tunse import tunse
>>> len(tunse("ọkọ̀"))
6

Lọ́jọ́ tí kóòdù di NFC, ẹni tó bá tẹ python -m doctest README.md á rí “Expected: 6” àti “Got: 4” gbàgàdà. Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan ṣá: nínú fáìlì Markdown, bí àmì ``` tó ń ti àpẹẹrẹ bá wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lábẹ́ ìdáhùn, doctest á rò pé ara ìdáhùn ni. Ẹ fi ìlà òfìfo kan sáàárín wọn.

Doctest ò lè rí ohun tí ìwé kò sọ, ẹni tuntun ló ń rí ìyẹn. Nígbà tí mo wà nílé ní Mákùn-Omi, mo ní kí àbúrò mi, tí kò kọ kóòdù rí, tẹ̀ lé ìwé wa láti ìlà àkọ́kọ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo pa ẹnu mi mọ́ (ìyẹn gan-an ló ṣòro jù). Ní ìlà kẹta ló ti bi mí pé, “Bọ̀dá mi, dátà mélòó ni èyí máa jẹ?” Ìwé ní “ẹ kọ́kọ́ gba gbogbo rẹ̀ wálẹ̀”, kò sọ bó ṣe tóbi tó. Ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹnìkan sì ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. A ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀ báyìí. A tún fi git clone --depth 1 kún un, èyí tó máa ń gba kóòdù tòní nìkan, tó sì ń fi ìtàn àyípadà àtẹ̀yìnwá sílẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà á sì bá kóòdù wálẹ̀, ẹ lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Àwọn kan fẹ́ ká túmọ̀ gbogbo ìwé wa sí Yorùbá. Ó wù mí, àmọ́ ojú ewé méjì ni ojú ewé méjì tó lè gbó. Àdéhùn tí a ṣe ni pé ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ojú ewé kan péré, á wà ní Yorùbá, doctest á sì máa yẹ òun náà wò. Èyí tó kù á dúró ní Gẹ̀ẹ́sì títí a ó fi rí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kó sì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ mú iṣẹ́ èyíkéyìí tó wù yín. Ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀, àkójọ kóòdù Python fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, tó tún ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí fódà òfìfo, ẹ tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ọgbọ́n tiyín kún un. Bí ẹ bá dé ibi tí kò lọ mọ́, ẹ kọ ìlà náà sílẹ̀, ẹ kọ Python ìkelòó tí ẹ ń lò àti ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gan-an, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.