Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Òṣòòrò Omi Olúmirin

Ẹ̀yin ọmọ, ó dájú pé ẹ ti gbé korobá sábẹ́ òṣòòrò rí nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ wá fojú inú wo òṣòòrò tó ń já láti orí àpáta ńlá dípò orí páànù, tí kì í sì í dáwọ́ dúró nígbà tí òjò bá dá.

Irú rẹ̀ ni Olúmirin tó wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá gbéra ní Bódìjà, ẹ ó gba Ìwó Róòdù jáde ní Ìbàdàn, ẹ ó kọjá ní Ìkirè, Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ ó sì gba ọ̀nà Àkúrẹ́ kí ẹ tó yà. Títí di ọdún 1991, ìpínlẹ̀ kan náà ni Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun.

Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló rí omi náà nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀ dó sí. Àwọn mìíràn ní ọdẹ ló kọ́kọ́ rí i.

Ìpele méje ni omi náà ní, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń gun òkè rẹ̀. Ìpele kìíní kò ṣòro. Ọmọdé lè dúró níbẹ̀ kí omi tútù máa ta sí i lójú. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà á dà gẹ̀ẹ́rẹ́, èèyàn á máa di gbòǹgbò igi mú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í dé ìpele keje, nítorí náà ìpele kìíní ti tó yín.

Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín! Ohun tútù tó ń hù lórí àpáta ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ ṣọ́ òjò pẹ̀lú. Ó lè má rọ̀ níbi tí ẹ dúró sí, kó sì ti rọ̀ lórí òkè. Omi rẹ̀ yóò sì ya wá lójijì. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín bí odò Ògùnpa ṣe kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nítorí náà, bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé pọ́n, tàbí tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ẹ jáde kíákíá, kí ẹ bọ́ sí ibi tó ga. Ẹ má ṣe dúró wá bàtà.

Ìbéèrè
1. Ìpele mélòó ni Olúmirin ní?
2. Ta ni Akinlà?
3. Òjò kò rọ̀ níbi tí ẹ dúró sí, ṣùgbọ́n omi ti pọ́n. Kí ni ẹ ó ṣe?