Ohun Tí A He Lóko

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: he. Ẹni tó wọ igbó lọ mú ìgbín, ó lọ he ìgbín ni. Kì í ṣe òun ló sìn ín. Ẹni tó bá owó nílẹ̀, ó rí owó he. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín tàbí eegun tí àgbẹ̀ ìlú Fìdítì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá pàdé lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn òjò: ó he é ni. Bí ọkọ́ bá gbé e jáde láti inú ebè, a ní ó hú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi okùn wọn ilẹ̀, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti jáde, awalẹ̀pìtàn nìyẹn. Lórí rédíò, "ṣàwárí" ni gbogbo wọn ń jẹ́ báyìí. Ẹ wo àárín ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: "wá" wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ wa ò wá nǹkan kan, oko ló lọ.

Ó kan orúkọ ohun tí a he. Ibí ni àìfàmìsí ti ń kó bá akọ̀wé. Egungun wà lára ènìyàn, egúngún ni ará ọ̀run. Eegun àti eégún ni ìgékúrú wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìlámì pé "aja je egungun", kí ẹ wá lọ ṣàlàyé fún àwọn ọ̀jẹ̀ ìlú.

Àṣìkọ orúkọ ti kan ibi tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé mọ̀ pàápàá. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ lábẹ́ àpáta kan nítòsí Ìsàrùn, lágbègbè Àkúrẹ́. Wọ́n bá òkú ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 13,000 ọdún. Agbárí rẹ̀ gùn, ó sì relẹ̀, ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ìwé lórí ìwé ni wọ́n ti pe ibẹ̀ ní "Iwo Eleru". Ìwo wo? Ti màlúù ni àbí ti àgbò? Ihò Eléérú ni, torí eérú, àwọn olùwádìí sì ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ẹdùn àrá ńkọ́? Òkúta dídán, ẹnu rẹ̀ mú bíi ti àáké, òjò ló sábà ń fọ̀ ọ́ síta. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ti Ṣàngó ni, ojúbọ ló ń lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké tí àwọn ará àtijọ́ fọwọ́ lọ̀ ni. Èmi ò rí ìdí tí orúkọ kan yóò fi pa èkejì: ọ̀kan sọ ibi tí a gbà pé ó ti wá, ọ̀kan sọ iṣẹ́ tó ṣe. Orúkọ tí kò sọ nǹkan kan ni "òkúta òrìṣà".

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní 1922, Henry Fairfield Osborn, ọ̀gá mùsíọ́mù ńlá kan ní New York, gba eyín kan ṣoṣo láti Nebraska, ó sì sọ ọ́ ní Hesperopithecus, ó ní ìnàkí kan tó fẹ́ jọ ènìyàn ló ni ín. Nígbà tó fi máa di 1927, wọ́n ti gbà pé ẹranko kan tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ pe èyí tí ẹ bá he ní "eyín ẹran" ná, kí ẹ gbé e tọ ẹni tó mọ eyín lọ. Bó bá ga, tó fẹ̀, tí orí rẹ̀ sì ní ilà kọ́lọkọ̀lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti màlúù, kì í ṣe ti àǹjọ̀nú.

Fọ́sìlì, ìyẹn ara ohun abẹ̀mí àtijọ́ tó ti di òkúta, ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí ohun tí wọ́n he jẹ́. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, níbi tí Fìdítì wà, ẹ má retí rẹ̀: àpáta abẹ́ Fìdítì àti Ìlọrà ti gbóná janjan, ó sì ti lọ́ mọ́ra nísàlẹ̀ ilẹ̀ kí ẹran eléegun kankan tó dáyé. Ẹ lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìkarahun ẹran òkun tó ti lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá túmọ̀ fọ́sìlì ní "òkúta egungun", ó ti dorí rẹ̀ kodò. Egungun ló di òkúta, egungun ló yẹ kó ṣáájú. "Egungun òkúta" sàn díẹ̀, àmọ́ kò bá ti Ewékorò mu, torí ìkarahun kì í ṣe eegun. Fọ́sìlì ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú àmì rẹ̀, bí a ṣe ń kọ sìmẹ́ǹtì.