Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí: Kí Ọmọ Má Ṣe Di Ẹnu fún Bàbá àti Ìyá Rẹ̀

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí àwọn òbí tí ó wà ní àjò lè mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ìwọ̀n tí wọn yóò fi lè bójú tó ilé wọn, kí àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n sì mọ bí wọn yóò ti kọ́ wọn.

1. Ipò wa ní Minna

Ẹ̀yin ará, ìlú oníìlú ni a wà. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari, ni Minna. Àwọn Núpé àti Haúsá sì pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ojú irin àti òwò ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Nígbà tí Minna sì di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní 1976, iṣẹ́ ìjọba tún mú àwọn mìíràn wá. Àwa tí a ń gbé ní Nassarawa mọ̀ pé ẹni tí ó ń tajà ní Kasuwan Gwari kì í pẹ́ gbọ́ Haúsá, nítorí ojoojúmọ́ ni ọjà ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Haúsá ọjà kò lè ka káàdì ilé ìwòsàn, tàbí ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sí òbí, tàbí fọ́ọ̀mù báǹkì. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwọ̀nyí.

2. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Kí ni ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe? Wọn a pe ọmọ pé, “Wá bá mi ka èyí.” Ohun rere ni kí ọmọ jẹ́ iṣẹ́ fún òbí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ronú. Bí olùkọ́ bá kọ̀wé pé ọmọ kan ń sá ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì jẹ́ ọmọ náà gan-an ni yóò kà á fún ìyá rẹ̀, kí ni ẹ rò pé ìyá yóò gbọ́? Bí dókítà bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ara lọ́wọ́ ìyá, ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò túmọ̀ rẹ̀? Òbí tí kò lè sọ̀rọ̀ bí kò ṣe láti ẹnu ọmọ, díẹ̀díẹ̀ ni àṣẹ ilé ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà pẹ̀lú ń ru ẹrù tí ó ju orí rẹ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbà yóò ti gba ọmọ là bí kò bá lè ka ohun tí a kọ sí ara ìgò oògùn?

3. Àgbà lè kọ́ èdè

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọjọ́ orí òun ti kọjá. A bí Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní nǹkan bí 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822 a gbà á sílẹ̀ lójú òkun, a sì mú un lọ sí Freetown. Àlejò ni níbẹ̀, ó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, kò torí èyí sọ Yorùbá nù, nítorí ó wà lára àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí èdè Núpé, èdè àwọn aládùúgbò wa níhìn-ín, jáde ní 1864. Bí àgbàlagbà bá lè ṣe èyí, a lè kọ́ ogún gbólóhùn.

4. Bí a ó ti kọ́ wọn

(a) Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyá ń lọ lọ́la. Bí ilé ìwòsàn bá ni, kí ó kọ́ láti wí pé, “My child has a fever. It started yesterday,” èyí ni pé ara ọmọ mi gbóná, àná ni ó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan ṣe nọ́ọ̀sì, kí èkejì ṣe ìyá, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò.

(b) Kí a fi ohun gidi kọ́ni. Ẹ mú ìgò oògùn tí ó ti ṣófo wá. “Twice daily” ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. “EXP” ń sọ ọjọ́ tí agbára oògùn dópin. Bí a bá kọ 5 ml, ṣíbí ìwọn oògùn ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ńlá tí a fi ń jẹun lè gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ẹ mú káàdì àjẹsára wá pẹ̀lú, kí ìyá fi ìka tọ ọjọ́ tí ó tún yẹ kí ó gbé ọmọ lọ, irú bí ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, àti èyí tí a bá tún kọ síbẹ̀.

(c) Kí a fi Yorùbá ṣàlàyé kí Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀ lé e. Ohun tí kò yé ni ní èdè ìyá ẹni kò lè yé ni ní èdè àjèjì.

(d) Kí a má ṣe rẹ́rìn-ín. Àgbà tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá. Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ kí Bàbá àti Ìyá bí ó ti yẹ kí ó tó ṣí ìwé, kí ó má sì ṣe tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe lójú àwọn ọmọ wọn.

(e) Kí ẹ̀kọ́ kúrú, kí ó sì jẹ́ lẹ́yìn ọjà. Kí ẹnì kan bá àwọn ìyá tọ́jú ọmọ ọwọ́.

5. Ipò ọmọ

A kò wí pé kí ọmọ má ṣèrànwọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ jókòó ti òbí, kí àwọn méjèèjì jọ kà á. Kí Yorùbá sì máa jẹ́ èdè inú ilé, kí ọmọ má baà gbọ́ ti olùkọ́ kí ó má gbọ́ ti ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè fún Àṣàrò

1. Ìwé wo ni ó wà nílé rẹ tí ìwọ kò lè kà fúnra rẹ?
2. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá túmọ̀ rẹ̀ ní òdì?
3. Kí ni ó ń dá àgbà dúró láti wá kọ́ ẹ̀kọ́, kí sì ni a lè ṣe sí i?

Iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: Kí ẹni tí ó bá mọ̀wé yan ìyá tàbí bàbá kan ṣoṣo, kí ó bá a jókòó pẹ̀lú ìgò oògùn kan, títí òun náà yóò fi lè kà á láìsí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.