Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Kó Ìwé Iṣẹ́ Rẹ̀ Sórí Cloud

Ẹ̀kọ́ wa lórí ojú ewé ìṣòwò lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò lójoojúmọ́ láì mọ ibi tó wà, ìyẹn cloud. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ilé ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, gbogbo wọn ló ní ìṣirò owó àti orúkọ oníbàárà níbẹ̀. Ìjọba pàápàá ń tì wá lọ síbẹ̀. Ní Britain níbí, 6 April 2026 ni ọjọ́ tí òfin dá fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn àti àwọn onílé tó ń gba owó ilé, tí owó tó ń wọlé fún wọn ju £50,000 lọ lọ́dún, pé kí wọ́n máa kọ ìṣirò wọn sórí ẹ̀rọ. Ìbéèrè wa rèé: bí ibi tí ẹ kó ìwé yín sí bá tì lọ́la, kí lẹ máa fi ṣòwò?

Kí ni cloud gan-an?

Òyìnbó sọ ọ́ lórúkọ àwọsánmà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló wà. Ilé ńlá ni, tó kún fún kọ̀ǹpútà, tí wáyà so mọ́ ọ̀dọ̀ wa. Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè irú rẹ̀ háyà lọ́dún 2006. Microsoft àti Google náà ń ṣe é. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ẹ kò ní ra ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹ sì lè ṣiṣẹ́ láti ibikíbi.

Ṣùgbọ́n ayálégbé ni wá níbẹ̀. Onílé ń ṣọ́ ògiri, òrùlé àti iná. Ẹrù inú yàrá àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọwọ́ ayálégbé ló wà.

Ohun mẹ́ta tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Èkínní ni iná. Ní 10 March 2021, iná sọ ní ọgbà kọ̀ǹpútà OVHcloud ní ìlú Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Ilé kan jó tán, apá kan èkejì sì bà jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan pàdánù ìwé wọn pátápátá. Àwọn kan nínú wọn rò pé àwọn ní ẹ̀dà. Inú ọgbà kan náà ni ẹ̀dà ọ̀hún wà, iná kan náà ló jó méjèèjì.

Èkejì ni àṣìṣe. Ní May 2024, UniSuper, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn tó lé ní 600,000 ní Australia, pàdánù àyè rẹ̀ lórí Google Cloud. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Google ń ṣètò àyè náà, wọ́n fi ojú kan sílẹ̀ láì kọ nǹkan sí i. Ẹ̀rọ wá kà á sí pé ọdún kan péré ni wọ́n fi háyà rẹ̀. Nígbà tí ọdún pé, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀dà tí UniSuper tọ́jú sọ́tọ̀, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, ló yọ wọ́n. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn èèyàn tó lè rí àkáǹtì wọn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà. Ní 14 March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú ní Nàìjíríà. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà; ọ̀nà ló já. Àwọn tó ní ọ̀nà mìíràn, bíi wáyà Equiano tó wọ Èkó lọ́dún 2022, darí iṣẹ́ wọn gba ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà rí i pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ní ju ibì kan lọ ni kò ṣubú.

Ohun tí àwa náà lè ṣe

1. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Fún àpẹẹrẹ: ọ̀kan lórí cloud, ọ̀kan nínú hard drive kékeré ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú hard drive mìíràn nílé. Ẹ fiyè sí i: fáìlì tó ń hàn lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ẹ̀dà méjì. Bí ẹ bá pa á rẹ́ lórí ọ̀kan, ó lè pa rẹ́ lórí èkejì.

2. Ẹ dán ẹ̀dà yín wò. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ṣí i, kí ẹ rí i pé ó ṣeé kà. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

3. Ẹ ní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì méjì. Bí ti ṣọ́ọ̀bù bá kú, sím fóònù lè gbé ẹ̀rọ káàdì yín títí ọjà á fi tú. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa, nítorí orúkọ méjì lè jẹ́ ọ̀nà kan. Bí àpẹẹrẹ, orí ẹ̀rọ O2 ni giffgaff ń gbà ṣiṣẹ́.

4. Ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò tún gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí pé ó wà nínú ọgbà; wọ́n ń bi olúkúlùkù ní orúkọ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní password tirẹ̀, kí fóònù rẹ̀ sì tún jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ẹbí.

5. Ẹ wo orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì. Nínú wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń bá wa ṣí i, pẹ̀lú email àti káàdì tirẹ̀. Bí káàdì náà bá kú, tàbí tí ìjà bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n máa dá lóhùn. Ẹ yí i padà sórúkọ iṣẹ́ yín nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà.

Òfin ń wò wá

Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ limited company gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún 6. Bí ìwé tó ní orúkọ àti àṣírí àwọn oníbàárà bá sì sọnù, tí èyí lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, a gbọ́dọ̀ sọ fún ICO láàárín wákàtí 72 tí a ti mọ̀. Kò sí onílé cloud tó máa bá wa dúró níbẹ̀.

Nítorí náà, ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó mọ ẹ̀rọ lò nínú ilé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: níbo ni ìwé iṣẹ́ wa wà? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Níbo ni ẹ̀dà wà? Èyí tí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àdánù kò ní jẹ́ tiwa o. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní parẹ́.